Mẹ́dàlì Inú Àpótí àti Mẹkáníìkì Bààlúù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rìn káàkiri ìlú wa ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìpotì dé Ìjerò, láti Aramọkọ dé Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó rí ilé púpọ̀ tí àpótí àtijọ́ kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá àgbà. Nínú àpótí náà, lábẹ́ aṣọ òkè àti àwọn ìwé owó-orí tí ó ti gbó, ẹ lè bá irin róbótó kan, tàbí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, tí a so mọ́ pélébé aṣọ aláràbarà. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣeré, wọn a pè é ní owó òyìnbó. Àwọn àgbà a dá wọn lẹ́kun, wọn a ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀, mẹ́dàlì Bàbá ni, ó jagun Hitler." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Níbo ni ó ti jagun náà? Iṣẹ́ wo ni ó ṣe níbẹ̀? Àwọn wo ni wọ́n jọ ṣe é? Bí ẹ bá béèrè, olúkúlùkù a máa wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni èyí: mẹ́dàlì dàbí ìwé, ẹni tí ó bá mọ ábídí rẹ̀ lè kà á. Ṣùgbọ́n ìwé tí ojú ewé rẹ̀ kò pé ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nínú ogun tí mẹ́dàlì kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni gbogbo ogun náà dúró lé. Mẹkáníìkì tí ó ń tún bààlúù ogun ṣe wà lára wọn, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ́ ábídí náà. Ìdílé mẹ́ta ni mẹ́dàlì ológun pín sí. Èkíní ni èyí tí a ń fún ènìyàn nítorí pé ó wà níbi ogun. Èkejì ni èyí tí a ń fún un nítorí ohun pàtàkì kan tí ó ṣe. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń fún un nítorí pé ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì bà á jẹ́.

Ìdílé èkíní ni ó pọ̀ jùlọ nínú àpótí àwọn bàbá wa. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó sì parí ní 1945. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí aṣọ rẹ̀ pín sí mẹ́ta ọgbọọgba, aró dúdú, pupa àti àwọ̀ ojú sánmà, Ìràwọ̀ 1939 sí 1945 nìyẹn. Aró dúdú dúró fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, pupa dúró fún ti orí ilẹ̀, àwọ̀ sánmà dúró fún ti òfuurufú. Oṣù mẹ́fà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ lò níbi tí ìjà gbé ń lọ kí ó tó gbà á, ṣùgbọ́n oṣù méjì tó fún àwọn tí ń fò nínú bààlúù ogun. Bí aṣọ ìràwọ̀ náà bá jẹ́ aró tí pupa fífẹ̀ wà láàárín rẹ̀, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ olómi ọsàn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Ìràwọ̀ Bọ́mà ni. Bí ó bá jẹ́ irin funfun róbótó tí kìnnìún tẹ ẹranko abàmì olórí méjì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Mẹ́dàlì Ogun ni, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe iṣẹ́ ológun fún ọjọ́ 28 lè gbà. Bí ó bá sì jẹ́ pé kìnnìún méjì ni ó wà níbẹ̀, tí igi kékeré kan wà láàárín wọn, tí etí aṣọ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí àárín rẹ̀ pọ́n bí ọwọ́ iná, Mẹ́dàlì Ìdáàbòbò ni. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ológun ní Ìlú Ọba fún ọdún mẹ́ta, níbi tí bọ́ǹbù lè já lù ú ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ojú ìjà gan-an, ni ó ń gba irú rẹ̀. Ẹ rántí Mẹ́dàlì Ìdáàbòbò yìí, nítorí a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìdílé èkíní yìí. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ìjọba Ìlú Ọba fín orúkọ àti nọ́ńbà ológun kọ̀ọ̀kan sí etí mẹ́dàlì rẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ fún àwọn ọmọ ogun tiwọn àti tiwa. Irin lásán ni, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí mẹ́dàlì Bàbá bá kúrò nínú àpótí Bàbá, ó di mẹ́dàlì ẹnikẹ́ni.

Ìdílé kejì yàtọ̀. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò gbọ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tí ó di gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1966, tí wọ́n sì pa pẹ̀lú Ọ̀gágun Ironsi ní oṣù keje ọdún náà. Olùkọ́ ni kí ó tó di ológun. Àmì ẹ̀yẹ tí ó mú òkìkí rẹ̀ kàn ni Military Cross, èyí tí ó gbà ní 1961 nítorí bí ó ti yọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò nínú ibùba àwọn ọ̀tá ní Kóńgò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé kì í ṣe èyí ni ó kọ́kọ́ gbà. Ní 1951, nígbà tí ó ṣì jẹ́ sájẹ́ńtì, wọ́n fún un ní British Empire Medal nítorí pé ó ṣèrànwọ́ láti pẹ̀tù sí ìbínú àwọn ọmọ ogun tí ó fẹ́ dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ. Ó gba mẹ́dàlì nítorí ìbọn tí kò dún! Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ mẹkáníìkì bààlúù. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bààlúù yóò gbéra, yóò sì padà sọ̀kalẹ̀. Ta ni yóò fi ìyẹn kọ orin?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wí pé, "Olùkọ́, kí ni ó kan Èkìtì nínú bààlúù? Ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi jagun." Òtítọ́ ni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi jà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe jẹun. Ní oṣù kìíní 1944, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí à ń pè ní Division 81 wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà máìlì 75 gba orí òkè àti inú igbó kí wọ́n tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù lè máa gbà tẹ̀ lé wọn. Láti òkè ni oúnjẹ ti ń bọ̀, láti òkè ni ọta ìbọn àti oògùn ti ń bọ̀. Bààlúù tí à ń pè ní Dakota ni ó ń kó o wá, tí ó ń fi agbòòrùn ńlá sọ ọ́ kalẹ̀, tàbí tí ó ń balẹ̀ sí pápá kékeré tí àwọn sójà ṣán kí ó lè kó àwọn tí ó gbọgbẹ́ lọ. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá bẹ́ẹ̀ tí ó ti fi gbogbo ara gbé ọkàn lé bààlúù ṣáájú wọn.

Nítorí náà, bí Ìràwọ̀ Bọ́mà bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mẹkáníìkì kan ni bàbá yín ti jẹun fún oṣù púpọ̀, bí ojú wọn kò tilẹ̀ pàdé rí. Ẹ́ńjìnnì méjì ni Dakota ní, sílíńdà 14 ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òjò Bọ́mà bá wọ inú wáyà, tàbí bí epo bá dí, àwọn ènìyàn inú igbó yóò sùn pẹ̀lú ebi. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Báyìí ni ọ̀rọ̀ sójà ẹsẹ̀, awakọ̀ òfuurufú àti mẹkáníìkì ṣe rí.

Kì í ṣe Bọ́mà nìkan. Ogun bààlúù náà gba orí ilẹ̀ wa níhìn-ín kọjá. Ní 1940, nígbà tí Ítálì wọ ogun, ọ̀nà Òkun Mẹditaréníà le fún ọkọ̀ ojú omi Ìlú Ọba. Wọ́n wá ń kó bààlúù sínú àpótí pákó, ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun gbé wọn wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ti ń tò wọ́n: wọn a so apá mọ́ ara, wọn a gbé abẹ́bẹ̀ iwájú sí i, wọn a dán ẹ́ńjìnnì wò. Láti oṣù kẹsàn-án 1940 ni àwọn bààlúù náà ti ń fò láti Takoradi, wọn a balẹ̀ ní Èkó, wọn a gba Kánò àti Màídúgùrì kọjá, títí wọn yóò fi dé Íjíbítì. Ìrìn bí máìlì 3,700 ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bààlúù ni ó gba ọ̀nà yìí kí ogun Àríwá Áfíríkà tó parí. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, àwọn kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò rọ epo sí wọn, tí yóò nu iyanrìn ọyẹ́ kúrò lára wọn, tí yóò yẹ táyà wò. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Hurricane nìkan: sílíńdà 12 ni ó ní, púlọ́ọ̀gì méjì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púlọ́ọ̀gì 24 nìyẹn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tú, kí ó nù, kí ó sì dá padà, lábẹ́ oòrùn Kánò tí ó lè mú kí irin jó ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà sì wọ iṣẹ́ orí ilẹ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní West African Air Corps, lábẹ́ RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Ìlú Ọba.

Báwo ni ènìyàn ti ń gòkè nínú iṣẹ́ náà? Ọmọṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti ń jẹ́. Yóò kọ́ bí a ti ń lo fáìlì àti sípánà, yóò kọ́ orúkọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, yóò sì yan ẹ̀ka tirẹ̀: àwọn kan fún ẹ́ńjìnnì, àwọn kan fún ara bààlúù àti apá rẹ̀, àwọn kan fún ìbọn àti bọ́ǹbù, àwọn kan fún iná mànàmáná. Ipò aircraftman ni wọ́n ń pe ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ó bá yege ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò gbé e ga, títí yóò fi di leading aircraftman, tí yóò máa lẹ àmì abẹ́bẹ̀ bààlúù mọ́ apá aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́pùrá, sájẹ́ńtì, flight sergeant, àti warrant officer. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà láàárín ìpele kan àti èkejì. Frank Whittle, ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ti Ìlú Ọba, irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ nínú RAF ní 1923. Ní oṣù karùn-ún 1941, bààlúù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ fò fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí lójú tèmi ó níyì ju mẹ́dàlì mìíràn lọ. Fọ́ọ̀mù 700 ni wọ́n ń pè é. Bààlúù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì bá parí iṣẹ́, yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú apá àti ara bààlúù yóò kọ tirẹ̀, ẹni tí ó tọ́jú ìbọn yóò kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni awakọ̀ yóò tó fọwọ́ sí i pé òun gba bààlúù náà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìwé yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ sí ilé ìwé, ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún, ní òru, nínú òtútù, tí ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé pé ẹ̀mí ènìyàn méje wà lọ́wọ́ òun. Ènìyàn méje ni ó máa ń wọ bààlúù Lancaster.

Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1944, bààlúù 795 gbéra láti Ìlú Ọba láti lọ ju bọ́ǹbù sí ìlú Nuremberg ní Jámánì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, 95 nínú wọn kò padà. Bánkólé Vivour, ọmọ Nàìjíríà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ 156 ti RAF, kú ní òru náà. Heverlee ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Akin Shenbanjo, wà nínú ẹgbẹ́ 76. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ bààlúù wọn ní "Ọmọba Dúdú" nítorí tirẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí imú rẹ̀. Shenbanjo gba Distinguished Flying Cross, àmì ẹ̀yẹ àwọn tí ó ṣe akin nínú bààlúù. Ẹ kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo sọ yìí, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan tí bààlúù kò ti padà, àwọn mẹkáníìkì dúró létí pápá, wọ́n ń wo ojú sánmà, sípánà sì wà nínú àpò wọn. Ìdúró yẹn kò ní mẹ́dàlì.

Ẹ wá wo bí wọ́n ti pín ẹ̀yẹ náà. Ẹni tí ó bá fò lọ jagun lórí ilẹ̀ Yúróòpù láti Ìlú Ọba fún oṣù méjì ṣáájú oṣù kẹfà 1944 lè gba Ìràwọ̀ Air Crew Europe. Mẹkáníìkì tí ó tún bààlúù náà ṣe fún ọdún mẹ́rin gbáko kò lè gbà á. Mẹ́dàlì Ìdáàbòbò tí mo ní kí ẹ rántí, àti Mẹ́dàlì Ogun tí ẹni ọjọ́ 28 pàápàá ń gbà, ni tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba tún fi àmì pàtàkì kan kún un fún àwọn tí ó bá ẹgbẹ́ bọ́ǹbù ṣiṣẹ́, ní 2013, lẹ́yìn ọdún 68 tí ogun parí, àwọn tí ó fò nìkan ni wọ́n tún fún.

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó ṣe òfin náà. Wọn yóò wí pé ẹni tí ó fi ẹ̀mí wewu kò bá ẹni tí ó sùn sórí ibùsùn dọ́gba. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Nínú nǹkan bí 125,000 tí ó fò fún ẹgbẹ́ bọ́ǹbù Ìlú Ọba, 55,573 ni ó kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Kò sí mẹkáníìkì tí yóò ní kí a fi òun sí ipò wọn. Èmi náà kò sọ pé kí a gba ẹ̀yẹ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo ń sọ ni pé mẹ́dàlì ń wọn ewu, kì í wọn iṣẹ́. Bí ọmọ wa bá ka mẹ́dàlì nìkan, yóò rò pé ibi tí ewu bá wà nìkan ni iṣẹ́ ń bẹ. Ní Èkìtì níbí, àlejò a máa yin iyán tí ó jẹ, a máa yin ìyá tí ó gún un, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni a gbọ́ kí ó béèrè ẹni tí ó kọ ebè?

Ìdílé mẹ́dàlì kẹta nìkan ni ó súnmọ́ mẹkáníìkì dáadáa. RAF dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1919, fún ẹni tí ó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ìwà rẹ̀ sì dára. Ọdún 18 ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Wọ́n dín in kù sí 15 nígbẹ̀yìn. Fàdákà ni, aṣọ rẹ̀ jẹ́ aró dúdú àti pupa dúdú, etí rẹ̀ funfun. Àwọn sójà a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní mẹ́dàlì ẹni tí ó ṣẹ̀ fún ọdún 18 tí ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún 18 pẹ̀lú Fọ́ọ̀mù 700 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé a máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí etí rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo etí rẹ̀ lábẹ́ iná.

Bí mẹ́dàlì kò bá sọ ìtàn òṣìṣẹ́ yìí tán, kí ni yóò sọ ọ́? Ẹni méjì ni yóò dá wa lóhùn, ọ̀kan láti òkè òkun, ọ̀kan láti ìtòsí wa. Ti òkè òkun ni Sam King, ọmọ Jàmáíkà, tí wọ́n bí ní 1926. Ní 1944 ó wọ RAF, ó kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe bààlúù, ó sì ṣe é ní ibùdó Hawkinge ní gúúsù Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ogun ó padà sílé, kò ríṣẹ́ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni ó bá tún wọ ọkọ̀ Windrush padà ní 1948; màlúù mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ tà láti san owó ọkọ̀. Ó padà sínú RAF, ó kúrò níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì di olórí ìlú Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1983. Ó kú ní 2016. Báwo ni mo ti mọ gbogbo èyí? Nítorí pé ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó kú.

Ti ìtòsí wa ni Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Òun kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe oníbọn. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ó jẹ́ ní Bọ́mà. Ní oṣù kẹta 1944 ìbọn ọ̀tá ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, àwọn ará abúlé kan sì fi í pamọ́ tí wọ́n ń bọ́ ọ fún oṣù mẹ́sàn-án títí ìgbàlà fi dé. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí pé ó kọ ọ́, àwọn òyìnbó rí i kà, wọ́n ṣe fíìmù lé e lórí ní 2011, wọ́n tún kọ ìwé sí i lẹ́yìn tí ó kú ní 2012. Ìràwọ̀ Bọ́mà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé ni ó mú tirẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ayé àwọn bàbá àgbà. Ní oṣù kẹrin 1964 ni Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ dàgbà. Gerhard Kahtz, ọmọ Jámánì, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, kí George Kurubo tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí rẹ̀. Ní 1977 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná, èyí tí ó di Air Force Institute of Technology lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì bóyá iṣẹ́ mẹkáníìkì jẹ́ ohun ńlá, kí ó rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1992. Ní ọjọ́ náà, bààlúù Hercules kan gbéra ní Ìkẹjà, ó kó àwọn ọ̀gágun wa tí ó lé ní 150, ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni ẹ́ńjìnnì dákẹ́, tí ó sì já sínú ẹrẹ̀ ní Èjìgbò. Kò sí ẹnì kan tí ó yè. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń rántí pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ mìíràn tí kò ṣẹlẹ̀, a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, iṣẹ́ díẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín ṣe. Ẹ ṣí àpótí náà. Ẹ má ṣe fi eérú tàbí iyanrìn bó mẹ́dàlì tí ẹ bá bá níbẹ̀, nítorí ẹ ó nu ojú rẹ̀ dànù. Ẹ má tà á fún àwọn tí ń ra irin àtijọ́ kiri. Ẹ wo àwọ̀ aṣọ rẹ̀ kí ẹ sì fi wé ohun tí mo ti kọ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé tí ó bá a rìn: ìwé owó oṣù sójà, tàbí ìwé ìdásílẹ̀. Nọ́ńbà kan yóò wà níbẹ̀. Ti sójà Nàìjíríà nígbà náà a máa ní lẹ́tà NA níwájú. Ẹ da á kọ. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ tí irin náà kò ní. Ẹ fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú mẹ́dàlì, kí wọ́n má ṣe pínyà mọ́.

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni ti ẹnu. Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà, ẹni tí ó kéré jùlọ nínú wọn ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún bí ó bá ṣì wà láyé. Ti wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tún bààlúù ṣe fún Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960 àti 1970 ṣì wà láàárín wa. Bàbá tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní ọwọ́ ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí yín, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé rédíò wá bá kí ó bá wọn tún un ṣe, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má bi í léèrè iye ọ̀tá tí ó pa. Ẹ bi í léèrè irú ẹ́ńjìnnì tí ó mọ̀, ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ìgbà tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé nítorí pé bààlúù kò tíì dára. Ẹ mú báírò àti ìwé dání lọ, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn ní ọjọ́ náà.